Ẹ Má Dá Ìwé Owó Yín Dá Ọmọ IT

Ẹni tó bá dé ọjà Àgbéni n'Ìbàdàn lónìí yóò rí i pé kọ̀ǹpútà ti ń gba ipò ìwé ńlá elẹ́yìn líle tí àwọn ìyá wa fi ń kọ gbèsè sílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe fún àwọn oníṣòwò, mo sì mọ ìyà tó wà nínú kí èèyàn máa wá owó tó sọnù nínú ìwé tí omi ọṣẹ ti yọ lójú. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà wá ẹni tí yóò kọ sọ́fítíwíà náà. Oníṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ á pe owó, owó náà á pọ̀ lójú ọlọ́jà, ẹnì kan á sì sọ pé, "Ẹ jẹ́ á wá ọmọ IT kan jàre. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán lẹ máa fún un." Bí wọ́n ṣe ń kó gbogbo òwò lé akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn wá fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn, láìsí àgbà kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Mo lòdì sí i pátápátá. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ìwé owó ẹlòmíràn kọ láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn kò yẹ wọ́n, kò sì yẹ wá.

Mo mọ ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta oògùn ní páálí páálí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì ló kọ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà já fáfá, ọwọ́ wọn sì yá. Ohun tí wọ́n ṣe dùn ún wò: ó ń tẹ rìsíìtì, ó ń sọ iye páálí tó kù. Oṣù mẹ́fà wọn pé, wọ́n padà síléèwé. Kò pẹ́ rárá tí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bí wọ́n bá ka owó inú dúrọ́ọ̀ lálẹ́, tí wọ́n ro èyí tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ sí báńkì mọ́ ọn, kò ní tó iye tí kọ̀ǹpútà sọ pé wọ́n tà. Gbogbo ojú wá yí sí ọmọbìnrin tó ń gbowó. Alhaja tó ni ilé ìtajà náà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Akáńtáǹtì, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò o, kí n tó fa ọmọ yìí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́." Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ gbà mí, sà. Mi ò mú kọ́bọ̀."

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọjà tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Owó dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà tó wà lórí àtẹ pọ̀ ju iye tí kọ̀ǹpútà sọ lọ. Olè wo ló ń jí owó tó tún ń fi páálí oògùn kún ọjà ọlọ́jà? A kó ẹ̀dà rìsíìtì jọ, a tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì rí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, tí ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì tí kò rí kí nǹkan ṣẹlẹ̀, á tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà á kọ ọjà kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Á yọ páálí méjì kúrò nínú ọjà, á máa retí owó páálí méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ni oníbàárà rà, owó ẹyọ kan ló sì san.

Ẹni tó ti kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń fà, ó mọ̀ pé ẹni tí èrò dúró lé lórí kò ní sùúrù láti dúró de kọ̀ǹpútà. Yóò ti fún títà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Bí nọ́ńbà kan náà bá tún padà wá, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ náà kò le. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lórí láptọ́ọ̀pù nínú yàrá rẹ̀, níbi tí oníbàárà kankan kò ti pariwo mọ́ ọn, kò lè ronú kàn án. Ojú rẹ̀ kò tíì rí i.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Wọ́n fi VAT 7.5% lé gbogbo ọjà, títí kan oògùn tí òfin kò ní ká gba kọ́bọ̀ VAT lé lórí. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì kan tí ẹnikẹ́ni lè fi pa rìsíìtì rẹ́ pátápátá. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í pa àkọsílẹ̀ owó rẹ́. Bí èyí tí a kọ bá ṣì, a ó kọ òmíràn tí yóò dá a padà, kí ẹni tó bá wá yẹ ìwé wò lọ́dún mẹ́ta sí i lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ta ni ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ náà? Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà náà wà níbẹ̀ gbangba, ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè kà á. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023 sì gbé ẹrù ìyẹn lé olówò lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ ṣèdánwò ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yìí kì í ṣe ti Àgbéni nìkan. Láti 1999 ni Post Office ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí iléeṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Ní 2015, ní ìlú Dalmellington ní Scotland, òṣìṣẹ́ kan ń gba £8,000 wọlé sínú ìwé, kọ̀ǹpútà dákú, ó ń tẹ bọ́tìnnì lọ. Kọ̀ǹpútà ń kọ owó náà ní gbogbo ìgbà tó ń tẹ̀ ẹ́. £24,000 tí kò sí níbì kankan ló di gbèsè sí i lọ́rùn. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ó lé ní 900 èèyàn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi olè àti màgòmágó nítorí pé kọ̀ǹpútà ní owó dín. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan ta ilé. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga tó sọ pé àbùkù wà lára sọ́fítíwíà náà, 2024 sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó ṣòfin láti wọ́gi lé àwọn ẹ̀bi náà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ Horizon ni? Rárá, ìdí tí mo sì fi mú un wá gan-an nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó darí iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ òun tí wọn kò lè kọ kóòdù tó kún ojú ìwọ̀n. Orúkọ ńlá kò bò wọ́n láṣìírí. Ẹni tó mọṣẹ́, tó ń ka ohun tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọ, tí a lè pè kó sì dá wa lóhùn, òun ni mo ń wá. Bí a bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ láìséwu.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń dá mi lóhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ Harvard ni Zuckerberg nígbà tó dá Facebook sílẹ̀ ní 2004, pé akẹ́kọ̀ọ́ Stanford ni àwọn tó dá Google sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan tiwọn ni wọ́n ń kọ. Zuckerberg fi iléèwé sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà. Ọmọ IT tiwa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí iléèwé, bó sì ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Àwọn Google pàápàá gba Eric Schmidt, àgbà lẹ́nu iṣẹ́, kó wá darí wọn ní 2001. Ẹ wo Shola Akinlade tiwa, tó jáde ní Babcock n'Ílíṣàn-Rẹ́mọ: ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó dá Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní 2015, èyí tí iléeṣẹ́ Stripe rà ní 2020.

Ọmọ IT náà gan-an ni a ń fìyà jẹ. Ní 1973, ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá ètò SIWES tó ń rán àwọn ọmọ IT yìí lọ síbi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde níléèwé mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn ò mọṣẹ́. Kí ọmọ lè rí ọwọ́ àgbà wò ni. Télọ̀ kì í gbé aṣọ ìyàwó fún ọmọ-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kó lọ dá a gé. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìtajà oògùn, Alhaja tí kò mọ ohun tí kóòdù jẹ́ ló ń fọwọ́ sí lógíbúùkù tí ọmọ náà ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Oṣù mẹ́fà kọjá, kò sẹ́ni tó fi àṣìṣe kan ṣoṣo han ọmọ náà, ó sì gbà pé òun ti dọ̀gá.

Mo mọ̀ pé owó ni ìṣòro. Àwọn tó mọ sọ́fítíwíà kọ dáadáa ti já pa, àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó láti inú yàrá wọn, dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ọlọ́jà kan kò lè dá san án. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń dá èésú láti ayébáyé, kí ló dé tí ilé ìtajà márùn-ún tó ń ta irú ọjà kan náà kò lè pawọ́ pọ̀? Kí wọ́n ra sọ́fítíwíà tí àwọn mìíràn ti ń lò tó sì ti dúró, kí wọ́n máa san owó oṣooṣù fún ọ̀gá kan tí yóò máa bójú tó o, kí wọ́n wá mú ọmọ IT wá sábẹ́ ọ̀gá náà. Ọmọ náà lè máa kọ́ àwọn tó ń tajà bí wọ́n ṣe máa lò ó, kó máa ka ọjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kó sì fi wé iye tí kọ̀ǹpútà sọ, kó máa wá ibi tí sọ́fítíwíà ti ń ṣe ségesège. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kí wọ́n sì sanwó fún un, kì í ṣe owó ọkọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé tiyín ni kóòdù náà àti gbogbo páswọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín sì máa wà níbòmíràn lójoojúmọ́.

Mo bẹ ITF àti àwọn olùkọ́ tó ń lọ bẹ àwọn ọmọ wò níbi iṣẹ́: ẹ má kàn wo lógíbúùkù kí ẹ máa lọ. Ẹ bi ọmọ náà pé ta ló ń ka kóòdù tó ń kọ. Bí kò bá dárúkọ ẹnì kankan, ẹ wá ibòmíràn fún un lọ́jọ́ náà.