Ike Gbágùúdá Kò Lè Gba Odò Àlà Là

Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ike fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn kan ń sọ pé kí àwa náà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó gba ike tí a fi gbágùúdá tàbí àgbàdo ṣe, pé yóò jẹrà fúnra rẹ̀. Èmi kò gbà.

Ike elépo rọ̀bì burú, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni èkejì ń fẹ́ kó tó jẹrà? Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní PLA, ń fẹ́ ooru tó sún mọ́ ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ọ̀rinrin, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, níbi tí a dìídì kọ́ fún un. Ọ̀dá Àkúrẹ́, bó ti wù kó mú tó, kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jù ú sódò Àlà, tàbí sí gọ́tà kan l'Óǹdó, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni yóò jókòó sí, bí ọmọ ìyá.

Èyí tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ kó lè tètè fọ́ tilẹ̀ tún burú jù. Ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ ni, kò jẹrà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é láti ọdún 2021.

Gbágùúdá tí à ń fi ṣe gààrí ńkọ́? Bó bá jẹ́ èèpo rẹ̀ tí à ń kó dànù nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ lò, n ò ní jà. Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kò béèrè iná kankan kó tó padà di ilẹ̀.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí ike tuntun èyíkéyìí, kí wọ́n fi ibi tí yóò ti jẹrà hàn wá.