"Kí ló dé tí kò sọ nígbà yẹn?"

1/ Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sọ pé wọ́n fipá bá òun lò ní kékeré, ìbéèrè yìí lẹ máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ n dáhùn lónìí. Ó sọ. Ẹ ò gbọ́ ni.

2/ Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Àkò, ọmọ ọdún 9. Ó ní kí n sọ ọ́, kí n má dárúkọ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé: wọ́n nà án, wọ́n pè é ní atọ̀ọ́lé. Kò fẹ́ lọ sílé bọ̀dá kan mọ́: wọ́n ní alágídí ni. Ó ń sùn ní kíláàsì: wọ́n ní ọ̀lẹ ni.

3/ Nígbà tó wá fẹnu sọ ọ́, ẹbí pe ìpàdé. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀. "Ọmọbìnrin ni o, tí ayé bá gbọ́, ta ló máa fẹ́ ẹ?" Gbogbo wọn bẹ ara wọn. Kò sẹ́ni tó bẹ ọmọ náà.

4/ Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Kì í lè sùn tí iná bá kú. Bọ̀dá ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

5/ Ìwádìí UNICEF àti NPC lọ́dún 2014 rí i pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ní Nàìjíríà ló ti rí irú ẹ̀ kí wọ́n tó pé 18. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi tọkùnrin ṣẹ̀rín, ẹ tún un kà.

6/ Criminal Code wa pàápàá fún ẹjọ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé 13 ní oṣù méjì péré. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ohun tí wọ́n ṣe fún un! Ọdún 2020 ni Sẹ́nétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò pé kí irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ kúrò.

7/ Tí ọmọ bá sọ fún ẹ: "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi." Má tíì wẹ̀ ẹ́, má fọ aṣọ ẹ̀. Gbé e lọ sọ́sibítù kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà HIV. Moremi Clinic wà ní Adó-Èkìtì. Ó jìnnà sí wa lóòótọ́, àmọ́ ẹ kúkú ń wọkọ̀ wá sípàdé ẹbí.

8/ Tó bá ti dàgbà kó tó sọ, má fipá mú un dárí jì. Jókòó tì í. Gbọ́ ọ tán.