Wáàtì Nìkan Kọ́: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn tó ń Ra Ẹ̀rọ Lésà

Sí ẹ̀yin ọ̀gá wa ní RMRDC, àjọ tó ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ohun èlò, Òpópónà Aguiyi Ironsi, Maitama, Abuja, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ wa,

Bí a bá fẹ́ ra ẹ̀rọ lésà tó ń gé irin, "Wáàtì mélòó ni?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́, òun náà ló sì sábà ń jẹ́ ìkẹyìn. Àṣà yìí kò dára.

Kílówáàtì yẹ ẹni tó ń gé irin tó nípọn fún géètì. Ṣùgbọ́n ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tàbí páìpù kékeré tí dókítà ń fi sínú iṣan ọkàn, ń fẹ́ ohun mìíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ohun mìíràn náà ni lésà fáíbà ti femtosecond (ìdá tó kéré jọjọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan); ṣe ló ń kọ mànà. Nínú femtosecond 300, ìmọ́lẹ̀ tó lè yí ayé po ju ìgbà méje lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò tíì rin ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Kí ooru tó ráyè wọ ara irin, ìmọ́lẹ̀ ti kọjá. Etí ibi tó gé kì í yọ́, kì í sì í dúdú. Àmọ́ bí wáàtì bá pọ̀ jù, tí mànà náà ń tẹ̀ léra wéréwéré, ooru á kó jọ, àǹfààní tí a tìtorí rẹ̀ náwó á sì bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ọdún 1985 ni àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Donna Strickland àti Gérard Mourou, rí ọgbọ́n tó mú irú lésà yìí lágbára láì ba ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2018. Ní 2013, Ààrẹ Jámánì fún àwọn onímọ̀ láti ilé-iṣẹ́ Bosch àti Trumpf, àti Yunifásítì Jena, ní ẹ̀bùn, torí wọ́n sọ lésà tí mànà rẹ̀ kúrú gan-an di irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, tó ń lu ihò nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé tí a fi ń béèrè ẹ̀rọ sọ ohun tí a fẹ́ gé, bó ṣe nípọn tó, àṣìṣe máíkírómítà mélòó la lè gbà, àti bí mànà kọ̀ọ̀kan ṣe gbọdọ̀ kúrú tó. Kí ẹni tó ń tà á gé ohun èlò tiwa lójú wa, ká fi máíkírósíkópù wo etí rẹ̀, ká tó sanwó.

Ẹ̀yin RMRDC, òfin 1987 gbé ọ̀rọ̀ ohun èlò ilẹ̀ wa lé yín lọ́wọ́. Ẹ kó àpẹẹrẹ irin, gíláàsì àti sérámíìkì wa jọ fún ìdánwò yìí, kí ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò ní onímọ̀ lésà má baà máa fi owó gọbọi ra ẹ̀rọ tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Abuja