Irọ́ Ni Pé Kátálísì Kì Í Gbó

Gbogbo ẹni tó kọ́ kẹ́mísírì ló há a sórí: kátálísì a máa mú iṣẹ́ yá, kì í sì í dín kù. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ mìíràn ti yọ, òun ni mo sì dìde sí: pé bí a bá ti so irin ọ̀wọ́n bíi ruthenium mọ́ hóró pólímà, tí a lè sẹ́ ẹ, kí a fọ̀ ọ́, kí a tún un lò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná, a ti rí kátálísì tí kò lè tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀rí àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún, ohun tí wọ́n rí kó kò sì dín kù. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni iná fi wà lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ tó yẹ kó parí ní wákàtí 2 bá wà lábẹ́ iná fún wákàtí 24, kátálísì tó ti pàdánù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ yóò ṣe é tán ní wákàtí 8, a ó sì máa yìn ín! Ìyára ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ló ń tú àṣírí.

Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ba irin yìí jẹ́. Ẹ wo ruthenium tí mólékù bipyridine mẹ́ta dì mú, èyí tí David MacMillan àti Tehshik Yoon, kálukú lọ́tọ̀, fi sọ kẹ́mísírì tí ìmọ́lẹ̀ ń tì di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 2008. Ìmọ́lẹ̀ búlúù, nǹkan bí 450 nánómítà, ló ń fún un lágbára. Agbára yẹn kan náà lè já bipyridine kan kúrò lára rẹ̀. Bó bá ṣe èyí tí wọ́n fi so ó mọ́ pólímà ló já, irin bọ́ sínú omi nìyẹn. Ta ló wá ń ṣiṣẹ́: hóró inú asẹ́, àbí irin tó ti sá lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń lo oògùn, torí irin tó bọ́ lè kù sínú oògùn tí a bá fi kátálísì yìí ṣe. ICH Q3D, ìlànà àgbáyé lórí irú irin bẹ́ẹ̀ nínú oògùn, kò gbà ju 100 máíkírógíráàmù ruthenium lójúmọ́ nínú oògùn tí à ń gbé mì.

Nítorí náà, ẹ sẹ́ hóró náà kúrò nígbà tí iṣẹ́ ṣì dé ìdajì, kí ẹ tan iná sí omi tó kù. (Ẹ má dúró dìgbà tó bá parí: palladium, fún àpẹẹrẹ, lè bọ́ sínú omi, kó ṣiṣẹ́, kó sì padà sórí hóró rẹ̀.) Bí iṣẹ́ bá ń tẹ̀ síwájú nínú omi tí kò ní hóró, ẹ wọn irin inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ síwájú iye ìgbà tí ẹ tún un lò.