Owó Tí Ẹ Ṣọ́ Lórí Wáyà, Akátá Ni Yóò Jẹ Ẹ́

Òwò adìẹ ẹ̀yìnkùlé ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbọ́ bùkátà lásìkò yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń sìn ín, aránṣọ ń sìn ín, àwọn ìyá tó ń pàtẹ ọjà síwájú ilé náà ń sìn ín. Ẹni tó ní 20 àti ẹni tó ní 50, gbogbo wọn ló mọ iye tí wọ́n ra òròmọdìẹ, wọ́n mọ iye tí wọ́n ń ra àpò oúnjẹ kan, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n san fún oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọgbà tí adìẹ náà yóò máa gbé, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní rí èsì kan fún yín. Wáyà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, pátákó àlòkù àti páànù ògbólógbòó ni wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọgbà.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni òwò náà ti ń bàjẹ́. Ara owó ìdókòwò ni owó ọgbà wà, ó sì yẹ kí èèyàn ti ṣírò rẹ̀ kó tó ra òròmọdìẹ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ká ní èèyàn ní adìẹ 30, tí ẹranko sì ń gbé 2 péré lóṣù. Bí ọdún bá fi máa yípo, adìẹ 24 ti lọ nìyẹn. Adìẹ òyìnbó tí a ń sìn fún ẹyin máa ń tó ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, gbogbo ohun tó ń jẹ títí di ìgbà náà, àpò olówó ló ti ń jáde. Èyí tó bá ń ṣe dáadáa nínú wọn lè yé tó ẹyin 270 lọ́dún, ìyẹn kíréètì 9. Akátá tó bá gbé irú adìẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó yé, oúnjẹ oṣù mẹ́rin àti kíréètì ẹyin 9 tí kò tíì dé ọjà ló gbé lọ yẹn.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Àmọ́ ó yẹ ká mọ ohun tí à ń lé. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé tí adìẹ wọn bá ti ń dín kù, ọmọ aládùúgbò ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó pariwo. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni òròmọdìẹ ń dàwátì ní gbangba, àṣá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bó bá jẹ́ òru, tí ìyẹ́ fọ́n káàkiri, tí wáyà ya tàbí tí nǹkan gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹ wo ọ̀dọ̀ ajá, akátá tàbí ẹtà. Bí òròmọdìẹ bá pòórá lóru láìsí ìyẹ́ kan nílẹ̀, ó lè jẹ́ ejò tàbí eku ńlá. Bó bá jẹ́ ẹyin ló ń sọnù, ejò àti awọ́nríwọ́n wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ àgádágodo ni wọ́n já, ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìyẹn o, ọ̀rọ̀ ti rẹ̀ ju ti wáyà lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wà nídìí wáyà oníhò onígun mẹ́fà tí gbogbo èèyàn ń pè ní wáyà adìẹ. Orúkọ yẹn ló ń tan àwọn oníbàárà jẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni pé kí adìẹ má ṣe jáde. Ó tín-ínrín, wọ́n kàn lọ́ ọ mọ́ra ni, ajá tí ebi ń pa lè fi eyín àti èékánná ya á. Èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 1 sì gba eku kékeré àti ejò tẹ́ẹ́rẹ́ láyè láti kọjá. Ohun tó yẹ ibi tí adìẹ ń sùn ni wáyà oníhò onígun mẹ́rin tí wọ́n jó pọ̀ ní gbogbo oríkèé rẹ̀, tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì íńṣì lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ béèrè géèjì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wáyà ń tín-ínrín sí i. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n fi síǹkì bò ó, nítorí òjò ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí irin lásán pẹ́ kó tó dípẹtà.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sọ, pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ wọ́n. Òótọ́ ni, ó wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi yí gbogbo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi wáyà tó lágbára ṣe ilé kékeré tí adìẹ ń sùn sí, nítorí òru ni ewu pọ̀ jù, adìẹ tó ti sùn kì í sì í lè sá. Fún ibi tí wọ́n ti ń rìn kiri lọ́sàn-án, tí ojú ènìyàn wà níbẹ̀, wáyà adìẹ tàbí ọparun tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 tó o. Kẹ́ ẹ ta àwọ̀n apẹja tó ti gbó bo òkè rẹ̀, kí àṣá má baà rí àyè balẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ilé sì gbà á bí iṣẹ́, kó máa kó wọn wọlé, kó sì ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ sọ fún káfíńtà yín kó tó kan ìṣó àkọ́kọ́ pé kó ri wáyà náà mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, tàbí kó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ síhà ìta ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹranko tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lè kan wáyà. Bí agbára bá ká a, ẹ da símẹ́ǹtì sílẹ̀ ilé náà. Ẹ wo àárín ògiri àti páànù, ẹ sì wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò tí ọmọ ìka yín bá wọ̀ dáadáa, ọmọ eku lè wọ̀ ọ́.

Ọgbà nìkan kò ní ṣe gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ adìẹ tó bá dà sílẹ̀ ló ń pe eku, eku ló sì ń pe ejò, nítorí náà ẹ máa gbá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjàlọ kò ka wáyà sí, ẹ gbé ilé adìẹ lé ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ agolo tí ọ́ìlì mọ́tò àlòkù wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe òrùlé sórí oúnjẹ àti omi wọn pẹ̀lú, kí ẹyẹ igbó má baà máa bá wọn jẹ ẹ́. Ẹni tó bá rántí oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí wọ́n kéde àrùn bird flu ní ìpínlẹ̀ Kaduna, á mọ̀ pé ohun tí ẹyẹ igbó lè gbé wá kò kéré.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó sin adìẹ, oníduùró ni wọ́n máa ń bi í. Ó yẹ kí wọ́n máa bi í léèrè ọgbà pẹ̀lú, kí ẹnì kan lọ fojú rí i kí owó tó jáde. Tí akátá bá kó adìẹ tán, gbèsè kò ní bá a lọ, oníduùró ni wọn yóò wá mú. Àwọn tó ń ta òròmọdìẹ náà lè ràn wá lọ́wọ́, kí wọ́n máa béèrè ibi tí oníbàárà fẹ́ kó wọn sí.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká adìẹ 50 pẹ̀lú ọgbà tó dára, kó fi 20 bẹ̀rẹ̀, kó fi owó ìyókù ra wáyà gidi. Nígbà tí 20 yẹn bá yé, tí gbogbo wọn ṣì pé, owó ẹyin ni yóò fi ra 30 tó kù.