Bíríkìlà Oníyàwó Mẹ́ta

Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ bíríkìlà o. Yàrá méjì péré ni mo ní kó so mọ́ ilé wa ní Ìkìrun, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Oṣù kẹta rèé, ògiri ò tíì kọjá ojú fèrèsé, koríko ti hù lórí yanrìn, àpò sìmẹ́ńtì méjì sì ti di òkúta nínú òjò. Bí mo bá pè é, á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, mo ti wà lọ́nà." Ọ̀nà wo? Ọ̀nà Ìnísà ni, tàbí ti Òkukù, níbi tó ti gba àsansílẹ̀ mìíràn. Ó dà bí ọkọ oníyàwó mẹ́ta tó ń jẹun lọ́dọ̀ gbogbo wọn, tí kò sùn lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: òjò máa ń dá iṣẹ́ dúró, kọnkéré náà sì ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó gbó dáadáa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ta ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀? Èmi náà ni. Iṣẹ́ tí a ti jẹ owó rẹ̀ tán kì í wuni í ṣe. Nítorí náà, ẹ pín owó sí ìpele: ìpìlẹ̀ parí, ẹ san díẹ̀, búlọ́ọ̀kù kọjá orí fèrèsé, ẹ san díẹ̀, páànù gorí ilé, ẹ san díẹ̀. Kí ẹ sì di ìyókù mú títí ẹ ó fi fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn yàrá náà.