Jéró wà nílẹ̀, a ń ra àlìkámà lókè òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bí ọ̀rọ̀ jéró ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sókótó gan-an wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2023 sọ́tọ̀ fún jéró àti àwọn ọkà ẹgbẹ́ rẹ̀, orílẹ̀-èdè Íńdíà ló mú àbá náà wá. Ọdún náà ti kọjá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń pe jéró ní oúnjẹ Hausa.

Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń jẹ ti ń wá. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukiréènì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, owó rẹ̀ fò sókè. Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ lọ́dún 2023, àwọn tó ń ra búrẹ́dì ló jìyà rẹ̀. Jéró kò gba dọ́là lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òjò díẹ̀ tó o, àwọn irú rẹ̀ kan kì í sì í ju oṣù mẹ́ta lọ kí wọ́n tó gbó.

Ó ní èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, ẹni tí àlìkámà kò bá lára mu sì lè jẹ ẹ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe fùrá, kúnú àti túwó. A lè fi ṣe ògì pẹ̀lú: tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sómi títí tó fi kan, ara á túbọ̀ rí èròjà inú rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n kí alátọ̀gbẹ ṣọ́ ṣúgà tó ń bù sí i, kó má sì pa oògùn dókítà tì.

Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́? Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì fi ń pa á, iyanrìn sì máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́jà. Àwọn agbébọn kò jẹ́ kí àgbẹ̀ ráyè lọ sóko ní apá ibì kan ní Zamfara, Sókótó àti Borno. Jéró nìkan kò sì lè wú bíi búrẹ́dì, àfi kí wọ́n pò ó mọ́ àlìkámà.

Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n ní kí àwọn oníbúrẹ́dì máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ àlìkámà, àmọ́ àṣẹ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àṣẹ nìkan kò tó. Ẹ̀rọ ìpakà, ààbò lóko àti ọjà tó dájú ni yóò gbé jéró dé orí tábìlì wa.